Ilé Ìyá Ìyàwó Mi Tí Mo Fi Sìmẹ́ǹtì Dí Nímú

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún mi níwájú níbẹ̀ yẹn. Ojú ọ̀nà ni mo máa ń kọjú sí bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí ohun tí tèmi rí kò ní fi ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́ títí ayé.

Èmi Ọdẹ́tóyìnbó, ọdẹ ni mí, mo sì lójo. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Gbogbo ọdẹ tí kò lójo ní ìlú yìí, ẹ fi ibojì wọn hàn mí kí n lọ kí wọn. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó gbé ìbọn lé mi léjìká, nítorí náà bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ tún un ṣe nínú ikùn yín, ẹ má já mi lẹ́nu. Inú ń bí mi lónìí. Ẹni tí inú ń bí tí ẹ̀rù sì tún ń bà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa tiro.

Kí ló ń bí mi nínú? Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ pé ojú ń ti òun láti mú àlejò wọ ilé alámọ̀. Ilé tí bàbá rẹ̀ gbé títí tó fi di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún! Mi ò ní dárúkọ. Ó wà láàárín yín níbí. Kó máa mi orí bí ẹni pé kì í ṣe òun.

Ó dáa. Kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín mọ ìyá ìyàwó mi, ẹni tí à ń pè ní Ìyá Ọ̀dàn nítorí igi ọ̀dàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ ilé yẹn, tí wọ́n mọ ọ́n ní ìpele ìpele, kí Àwẹ̀ró ìyàwó mi tó dé ilé ayé. Ilé náà tutù bí ìkòkò omi. Bí oòrùn bá ń yan adìyẹ lójú àgbàlá, ẹni tó bá wọ yàrá ìyá yẹn á máa wá aṣọ tó máa fi bora.

Bísíríyù, ọkọ àbúrò ìyàwó mi, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó kó páànù wá, ó ṣí koríko orí ilé náà dànù, ó kan páànù sí i. Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi jẹ oyè. Èmi ńkọ́? Ẹran ìgbẹ́ ni mò ń gbé lọ fún àna mi, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọ́ka sí ẹran tó ti wọ ikùn. Ni mo bá bẹ ọ̀wẹ̀.

Ẹ mọ̀ bí ọ̀wẹ̀ àna ṣe rí. A kì í bèèrè, a kì í sì í kọ̀ ọ́. Àna kì í bi àna pé, "Ṣé kí n ṣe é?" Ẹnu ahun ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tí wọ́n sì ṣe é fún kò gbọdọ̀ sọ pé, "N kò fẹ́." Kó ṣáà máa súre ni. Mo kó ọkùnrin mẹ́rìnlá lẹ́yìn, mo mú Késìnrò bíríkìlà lọ́wọ́, a fi àpò sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ọ̀nà ìyá lójijì. Ìyá jáde. Ó wo àpò wọ̀nyẹn. Ó wo ògiri. Ó wò mí.

Ó ní, "Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wọlé lọ gbé omi wá fún wa.

Ọjọ́ méjì péré, a ti rẹ́ gbogbo ògiri náà, inú àti ìta. Ó ń dán. Mo dúró lójú títì, mò ń wo ẹni tó ń wò ó. Mo gbàgbé Bísíríyù pátápátá. Irọ́ ni, mi ò gbàgbé rẹ̀; mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá wò ó.

Òjò ọdún kejì kò tí ì tán tí ilé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Sìmẹ́ǹtì wú bí ikùn ọmọ tí aràn ń yọ lẹ́nu. Ìdí ògiri ń sunkún láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Yàrá tó ń tutù tẹ́lẹ̀ wá ń móoru, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Mo pe Késìnrò. Ó fi òòlù kàn án, ó ń dún bí igbá òfìfo.

Késìnrò ní, "Ọdẹ, àfi ká wó o. Ká fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré gbé e dìde. Bí òjò tó ń bọ̀ yìí bá bá a nílẹ̀ báyìí, orí ìyá ló máa wó lé."

Mo sọ fún ìyá. Ìyá ní, "Ibi tí mo bí ọmọ mẹ́fà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé mi jáde."

Mo délé. Àwẹ̀ró ń dúró dè mí. "Ẹ̀yin lẹ rẹ́ ẹ," ló wí. "Bí ilé yẹn bá pa ìyá mi, ẹ má pè mí ní ìyàwó yín mọ́."

Oṣù méjì ló kù kí òjò dé. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀, ẹ ì bá sá lọ. Èmi kò sá. Mo rántí ohun tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ń sọ, pé ẹni tó kọ́kọ́ mọ ilé láyé ṣì wà láàyè nínú Igbó Tẹ́tísílẹ̀, ó sì lè fún ènìyàn ní oògùn tí a fi ń de ògiri mọ́lẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo gbé akèrègbè oyin kan tí n ó máa lá lọ́nà, mo wọ igbó. Ẹsẹ̀ ló ń rìn, ojú ló ń ṣọ́nà, ọkàn mi ti padà sílé tipẹ́.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ni iwin kan tó jókòó sí àárín odò. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó agbada irin, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó yanrìn odò sẹ́nu, gbáú, gbáú. Ó ti jẹ bèbè odò títí tí gbòǹgbò igi fi yọ síta bí egungun ìhà. Mo sá sẹ́yìn igi. Odò fúnra rẹ̀ ló rí mi. Ohùn ìyá arúgbó ló fi pè mí: "Ọdẹ, bá mi bi ọ̀gbẹ́ni yìí, níbo ni ó fẹ́ kí ẹja mi máa yé ẹyin sí?"

Mo dúró sẹ́yìn igi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, odò ní kí n bi yín..."

"Má bi mí! Ẹnu mi kún!" Ó gbé òmíràn mì. "Ìlú Òkúta-bí-Ẹ̀kọ ló rán mi. Wọ́n ń fi omi po òkúta níbẹ̀, wọ́n ń dà á bí ẹni da ẹ̀kọ sínú ewé. Wọ́n ti mọ ilé fún ènìyàn, wọ́n ti mọ fún ewúrẹ́, òjìji ló kù tí wọ́n ń mọ fún báyìí. Bí mo bá dá jíjẹ dúró, èmi gan-an ni wọ́n máa lọ̀."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó tutọ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́ sínú. Mo wá rò ó pé bóyá ẹni tí mò ń wá wà nínú ìlú tí wọ́n ti ń mọ ilé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n ọdẹ! Yanrìn tó ń jò lẹ́nu iwin yìí nígbà tó ń lọ jíṣẹ́, òun ni mo tẹ̀ lé débẹ̀.

Áà, ìlú yẹn. Igi kan kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kọnkéré, ibùsùn rẹ̀ kọnkéré, ìrọ̀rí tí wọ́n fi ń sùn kọnkéré. Ooru ibẹ̀ á se iṣu jinná láìsí iná. Wọ́n ń jó òkè ńlá kan nínú iná ìléru láti fi ṣe ìyẹ̀fun, òkè náà sì ti kéré tó òkìtì ààtàn. Èéfín rẹ̀ ló ti mú kí wọ́n máa fi ikọ́ kí ara wọn: ẹnì kan á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Òjò kan rọ̀ níṣojú mi. Omi kò rí ilẹ̀ tó lè wọ̀, ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bí agbowó orí, ó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọba wọn, Adíhò. Ó jókòó, ojú rẹ̀ gbẹ, ètè rẹ̀ sán.

"Àlejò," ló wí, "ilé tí o ń gbé, kí ni wọ́n fi mọ ọ́n?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ìtìjú lè mú ènìyàn ṣe. Ikú wà lọ́tùn-ún, ikú wà lósì, ilé alámọ̀ ṣì ń tì mí lójú! Mo ní, "Kọnkéré ni, Kábíyèsí! Láti orí dé ilẹ̀!"

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ẹni wa ni ọ́! Òpó kan kù tí ààfin wa kò ní. Ẹni tó fẹ́ràn kọnkéré tó báyìí ló yẹ ipò náà."

Kí n tó sọ pé amọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, amọ̀ ni, wọ́n ti gbé mi sínú àpótí pákó, wọ́n ti da òkúta pípò lé mi dé àyà. Ó tutù. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò ti gan. Mo sunkún, mi ò purọ́ fún yín. Mo ní bí mo bá máa kú, kí n kú pẹ̀lú adùn lẹ́nu. Mo fa akèrègbè oyin mi yọ, akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dojú dé, gbogbo oyin dà sínú rẹ̀. Mo tún sunkún nítorí oyin. Mò ń gbọ̀n, mò ń fẹsẹ̀ ta, kọnkéré sì ń po oyin mọ́ra.

Ìrọ̀lẹ́ lé. Wọ́n kàn án, ó rọ̀. Ọba ní, "Ẹ fún un di òwúrọ̀." Òwúrọ̀ mọ́, ó rọ̀ bí ọ̀rí. Àwọn bíríkìlà wọn ń wo ara wọn. Ohun tí wọn kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ títí di ìgbà náà, ni pé kọnkéré kì í gan bí adùn bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò! Ohun tó jẹ òkè tán, tó gbẹ́ odò, oyin ọwọ́ ọdẹ kan ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ! Mo yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo yọ ẹsẹ̀ òsì, mo fi bàtà sílẹ̀ fún wọn, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo rí i pé wọn kò lè bá mi mọ́, mo yíjú padà, mo sì bú ọba. Mo ní, "Adíhò! Òkè tí o jó, ṣé ìwọ lo bí i? Ìlú tí ọmọdé kò mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń rí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ṣé ìlú nìyẹn àbí ibojì tó ní fèrèsé?" Ó dáhùn, mi ò gbọ́, mo ti lọ jìnnà.

Eré yẹn ni mo sá títí mo fi kọlu òkìtì ọ̀gán kan tó ga ju igi ọ̀pẹ lọ. Ó ní ilẹ̀kùn. Mo wọ̀ ọ́ kí n ṣáà fara pamọ́. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi láti ìsàlẹ̀, ó gba òkè jáde, bí ẹni pé ilé náà ń mí. Àwọn ikán tí wọ́n ga tó mi gbá mi mú, wọ́n wọ́ mi lọ síwájú ìyá wọn. Ìyá Ọ̀gán dùbúlẹ̀, ó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, ó funfun. Òun ni ẹni tí mò ń wá. Òun ló kọ́kọ́ mọ ilé láyé. Àwa ènìyàn wò ó ṣe ni.

Kí n tó kí i tán, ó ti da àlọ́ bò mí. "Ó ń mu omi, kì í yó. Ó ń mí, kò nímú. Ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ òjò ni òtútù pa á. Kí ni?"

"Ẹja ni."

Ikán kan bù mí jẹ nítan.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni!"

Òmíràn bù mí jẹ níbi tí n kò lè fi hàn yín.

Mo ké, mo ní, "Ìyá, ẹ ṣàánú mi, n kò lè ronú! Ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ ìyá ìyàwó mi ló kún orí mi!"

"O gbà á! Ilé alámọ̀ ni ìdáhùn," ni Ìyá Ọ̀gán wí.

Mo wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ń pọ́n.

"Amọ̀ a máa mu omi nígbà òjò," ló wí, "a sì máa mí i jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ wá fi sìmẹ́ǹtì dí i nímú. Omi tó ń gba inú ilẹ̀ gòkè, èyí tó ń gba ibi tó là wọlé, níbo lo fẹ́ kó gbà jáde? Ó di ẹrẹ̀ padà nínú aṣọ tó o fi yangàn!"

"Kí ni kí n fi rẹ́ ẹ, ìyá?"

"Amọ̀ náà ni. Pò ó mọ́ koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù, jẹ́ kó kan kí o tó fi rẹ́ ẹ. Se èèpo igbá, èyí tí àwọn onírú ń bọ́ lára èso irú dà nù, kí omi rẹ̀ ki, kí o fi kùn ún lórí. Òjò á máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé gùn, kó bo ògiri bí etí fìlà."

"Àwọn tó fẹ́ kọ́ tuntun ńkọ́? Ojú ń tì wọ́n, wọ́n ní àfi búlọ́ọ̀kù."

"Ojú ń tì wọ́n!" Òkìtì náà mì. "Kí wọ́n fi ẹ̀rọ ọwọ́ tẹ ilẹ̀ pupa nínú àpótí irin, kí wọ́n bu sìmẹ́ǹtì ṣíún sí i, kí wọ́n fi ewé tútù bò ó títí yóò fi gbó. Bíríkì yẹn á dúró fún ọmọ ọmọ wọn. Èésan, èèpo ekùrọ́ tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ẹbu epo, eérú èèpo ìrẹsì tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi dín yanrìn àti sìmẹ́ǹtì kù. Ẹ̀yin jókòó lé ọrọ̀, ẹ ń tọrọ òkúta!"

Mo ní, "Ṣé sìmẹ́ǹtì wá burú pátápátá ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ṣe afárá. Ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ níbi tí omi ń rìn. Ata dára, ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi bọ́ ojú pẹ̀lú rẹ̀?" Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ilé yẹn, ta ló mọ ọ́n?"

"Ìyá ìyàwó mi àti ọkọ rẹ̀ ni."

"Obìnrin náà wà láàyè?"

"Ó wà."

"Ṣé o bi í?"

Mo la ẹnu. "Ìyá, nílẹ̀ wa, àna kì í bi àna..."

"Ẹ lé e jáde!"

Wọ́n bù mí jẹ láti ibẹ̀ dé etí ìlú yìí. Bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní mọ̀ pé ọdẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Mi ò sùn lé e. Mo mú òòlù, mo lọ sí ilé ìyá ní ojúmọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbá sìmẹ́ǹtì kúrò lára ògiri. Késìnrò ló kọ́kọ́ rí mi. "Ẹ wá wòran o! Ọdẹ ń bọ́ aṣọ lára ilé àna ẹ̀!" Ẹ̀yin náà wá. Ẹ má wojú ara yín, mo rí gbogbo yín. Bísíríyù di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ìyà ló jẹ mí nínú igbó tó fi dà mí lórí rú. Mò ń gbá a lọ. Ní igun ìlà-oòrùn, odindi ìpele méjì ló ya lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó tutù ròròrò bí ẹrẹ̀ àbàtà. Ẹ̀rín yín dá níbẹ̀. Igun yẹn ni ìyá ń gbé orí lé bó bá sùn, ní òdìkejì ibi tí àpótí aṣọ rẹ̀ wà.

Ìyá dúró lábẹ́ ọ̀dàn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ìta tán, mo wọ inú. Mo dé ibi àpótí ńlá tó ń kó aṣọ sí, mo fi èjìká tì í kúrò lára ògiri kí n lè ráyè. Mo gbé òòlù sókè. Kò sí ohun tí n ó gbá.

Ibẹ̀ ti bó. Ó fẹ̀ tó ẹní méjì. Sìmẹ́ǹtì kankan kò sí lára rẹ̀ mọ́. Amọ̀ pupa ni, tuntun, wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n ti fi omi èèpo igbá kùn ún, ó ń dán bí ẹ̀yìn ìgbín. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ. Ó tutù. Ṣíbí irin kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, ògiri ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Màmá," ni mo ké, "ta ló ṣe èyí?"

Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òjò ọdún àkọ́kọ́. Mo rí i pé kò lè mí. Mò ń fi ṣíbí gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àpótí, níbi tí ẹ kò ní rí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí n ní iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ àna mi kò dára?" Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ tó gbóná fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kí wọ́n máa fi yín wé Bísíríyù lójú títì, kí wọ́n máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni mí. Mo ti ń fi ṣíbí gbẹ́ ògiri ara mi nítorí kí ojú má baà tì yín!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fi mí sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ẹ dìde. Èyí tó kù pọ̀ ju ṣíbí lọ."

Òun ló jókòó sórí àpótí tó ń pàṣẹ, èmi àti Àwẹ̀ró la fẹsẹ̀ po amọ̀. Bí mo bá yára, á ní, "Kò tí ì kan." Bí mo bá mọ ìpele kan tán, á ní kí n fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí n tó gbé èkejì lé e. Òjò ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí a parí. Ó ti rọ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹsàn-án báyìí. Ìyá wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó da aṣọ bora.

Ẹ̀yin rò pé ọba Adíhò ló ń bí mi nínú? Àlejò lásán ni mo jẹ́ sí i. Késìnrò ni? Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èmi ni mò ń bí ara mi nínú, àti ẹ̀yin. Mo gba iwájú iwin kọjá, mo wọ inú kọnkéré dé àyà, ikán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán, nítorí kí n lè bèèrè ohun tí obìnrin kan mọ̀ tó ń fi ṣíbí ṣe lẹ́yìn àpótí, ní ilé tí mo ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, kò tán nínú mi. Ẹ ṣí ọ̀nà fún mi kí n kọjá. Kí ẹ̀yin náà dìde, kí kálukú lọ ti àpótí ilé àna rẹ̀ kúrò lára ògiri, kó wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.